Ọ̀sẹ̀ Tí Evanthia Ń Di Ẹrù Lọ sí Madagásíkà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: mo jowú àbúrò mi. Kì í ṣe owú kékeré tí ènìyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Owú tó ń bá mi jí láàárọ̀ ni, tó ń bá mi fún wàrà ewúrẹ́, tó tún ń bá mi jókòó sídìí tábìlì. Asimina ni orúkọ mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí, mo sì ti rò pé mo dàgbà kọjá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Evanthia ni àbúrò mi náà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ. Agbẹ̀bí ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi gba ọmọ ní ilé ìwòsàn kan ní Tẹsalóníkà, kó tó fẹ̀yìn tì, tó padà sí Limnos, erékùṣù wa, sí ilé bàbá wa, níbi tí mo ti ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń dúró dè é. A ti sọ ọ́ lórí fóònù láìmọye ìgbà: tó bá ti fẹ̀yìn tì, àwa méjèèjì á jọ máa gbé, a ó tún òrùlé ṣe, a ó máa mu kọfí wa lábẹ́ àjàrà, ẹnikẹ́ni ò ní yọ wá lẹ́nu. Ó dé lóṣù kẹsàn-án. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ilé ti sú u.

"Mina," ó wí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, bó ṣe ń fi búrẹ́dì nu àwo rẹ̀, "mo fẹ́ lọ sí Madagásíkà."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Àwọn aboyún. Ẹgbẹ́ kan ní Áténì ń wá agbẹ̀bí tó máa yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún ọdún kan. Wọn ò ní san nǹkan kan, àfi oúnjẹ àti ibi tí mo máa sùn. Mo ti kọ̀wé sí wọn."

"O ti kọ̀wé."

"Wọ́n ti gbà mí."

Mo kó àwo nílẹ̀. Ohun tí ẹnu mi sọ ni pé, "Ó dáa, Ọlọ́run á wà pẹ̀lú ẹ." Ohun tí inú mi sọ kò ṣeé kọ sínú ìwé.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún, àbúrò bàbá mi tó wà ní Ọsirélíà kọ̀wé pé kí n máa bọ̀, pé òun ti bá mi wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Oṣù yẹn kan náà ni èsì ìdánwò Evanthia dé, pé wọ́n ti mú un láti lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Bàbá wa pe àwa méjèèjì jókòó. Ó ní ẹsẹ̀ ìyá wa kò dáa mọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró tì í. Ó wò wá títí, ó wá ní, "Evanthia mọ̀wé. Asimina mọ ewúrẹ́." Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tọ́jú ìyá wa lórí ibùsùn. Mo gbé e, mo wẹ̀ ẹ́, mo sin ín. Ibi tí mo tíì rìn jìnnà dé jù láyé mi ni Kavala, ìlú tó wà lódìkejì omi, eyín dídùn ló sì gbé mi débẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹni tó ti lọ rí náà ló tún ń lọ.

Kẹ́ ẹ sì wá rí ìmúra! Ìwé dé láti Áténì, ìwé tún padà sí Áténì. Ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ń na apá rẹ̀ sí mi kí n wò ó. Ó ra bàtà tí omi kì í wọ̀. Ó ń kọ́ Faransé níwájú dígí, ó ń sọ fún dígí pé kó mí kanlẹ̀, kó rọbí, kó tún rọbí. Wọ́n ní báàgì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò mẹ́tàlélógún lọ, ló bá ń gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn wàràkàṣì, láràárọ̀, àsìkò tí èmi náà fẹ́ lò ó.

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ni mo wí. "Yọ ìwé kúrò."

"Mi ò lè yọ ìwé kúrò."

"Yọ fìlà kúrò nígbà yẹn."

"Mina! Ṣé kí n sọ fún wọn pé mo fi fìlà wọn sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn! Gbogbo obìnrin abúlé wa ló jókòó ti abẹ́rẹ́ ìhunṣọ, wọ́n ń hun fìlà irun àgùntàn fún àwọn ìkókó Madagásíkà. Fìlà pupa, fìlà aláwọ̀ ewé, fìlà tó ní etí ehoro. Mo bi Evanthia bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún àwọn obìnrin wọ̀nyí pé oòrùn wà níbẹ̀. Ó ní ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, òtútù máa ń mú un níbi gbogbo láyé, àti pé orí ni ooru ara rẹ̀ ń gbà jáde. Kò sí ohun tí kì í ní èsì sí. Ẹni tó hun fìlà jù ni Kalliroi, opó tó wà nílé kejì sí tiwa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí ẹyinjú rẹ̀ búlúù, tí kò bímọ. Ogójì fìlà, òun nìkan.

Mo lọ ra búrẹ́dì, ẹni tó ti ń ta búrẹ́dì fún mi láti ọgbọ̀n ọdún rí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Evanthia! Ẹ mà ṣoríire o!" Ẹ̀gbọ́n Evanthia. Àfi bí ẹni pé wọn kò sọ mí lórúkọ rí. Àlùfáà dárúkọ rẹ̀ nínú ìwàásù, ó ní abúlé kékeré lè bí ènìyàn ńlá. Mo wà lórí ìjókòó kejì, mo ń gbọ́. Ọdún méjìlá ni mo ti ń fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìyẹn wàásù.

Ohun kan péré ni mo ní tí Evanthia kò ní. Èmi ni mo ń lé ojú, ìyẹn ojú ìlara tó ń wọ ènìyàn lára, ní abúlé wa. Tí orí bá ń fọ́ ènìyàn láìnídìí, tí ara ọmọ dédé gbóná, tí ẹran kọ̀ tí kò fún wàrà mọ́, èmi ni wọ́n ń sáré wá bá. N óò bu omi sínú àwo, n óò kán òróró ólífì sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Bí òróró bá dúró lójú omi, kò sí nǹkan kan, kí onítọ̀hún lọ gbé oògùn mì. Ṣùgbọ́n bó bá fọ́n ká tó pòórá, ojú ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. N óò wá ka ọ̀rọ̀ tó wà fún un, n óò máa yán títí omi á fi máa dà lójú mi, ara rẹ̀ á sì fúyẹ́. Bàbá àgbà wa ló kọ́ mi. Ọkùnrin ló ń kọ́ obìnrin, obìnrin ló ń kọ́ ọkùnrin. Bí obìnrin bá fi kọ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Evanthia bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n kọ́ òun. Mo ní kò ṣeé ṣe. Inú mi sì dùn pé kò ṣeé ṣe.

Ohun tó ń fa ojú, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe èébú ló ń fà á, ìyìn ni. Ẹni tó bá yin ọmọ, tó yin ẹran, tó yin ìyàwó tuntun, kó yáa tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tu, tu, tu, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé kò sí ìlara nínú rẹ̀. A ti ń ṣe é kí a tó mọ àdúrà.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì tí Evanthia máa lọ, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ti dé: ẹ̀wù funfun, wọ́n fi òwú búlúù kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà. Àwọn obìnrin yà láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i. Ó wọ̀ ọ́, ó jáde sí àgbàlá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ilé.

"Ẹ wò ó! Ìyàwó ni!" ni Kirá Stamatia ké, Kirá bí a ti máa ń pe àgbà obìnrin lọ́dọ̀ wa. Òun ni àgbà jù nínú wọn, ọ̀rẹ́ ìyá wa ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. "Tu, tu, tu! Kí ojú má rí ẹ o!"

"Tu!" ni Kalliroi wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, ó dì mọ́ Evanthia, kò lè sọ ìyókù.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Asimina, ìwọ ńkọ́? O ò rí àbúrò ẹ ni?"

Mo rí i. Mo rí òun àti Ọsirélíà àti ilé iṣẹ́ aṣọ tí n kò fojú kàn rí. "O mà rẹwà o, Evanthia," ni mo wí. "O rẹwà gan-an ni."

N kò tutọ́. Ẹ má bi mí bóyá mo gbàgbé ni, nítorí n kò lè búra. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Ta ni yóò máa ṣọ́ ẹnu ẹni tó ń lé ojú?

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, orí ti ń fọ́ Evanthia. Nígbà tó di alẹ́, ara rẹ̀ gbóná, ilé ń yí i lójú, gbogbo ohun tó jẹ ló bì. Ní ọjọ́ Ajé, dókítà wa wá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́. Ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ gbà lọ́jọ́bọ̀ ló ń bá yín jà, Kirá Evanthia. Ó sì lè jẹ́ àárẹ̀. Ẹ sinmi."

"Ìwé mi ńkọ́?"

Ìwé kan ló kù tí ẹgbẹ́ Áténì ń retí: kí dókítà fọwọ́ sí i pé ara rẹ̀ dá. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́rú tó lù. Bí kò bá dé, wọ́n ti ní agbẹ̀bí mìíràn nílẹ̀ tó máa lọ dípò rẹ̀.

"Mi ò lè fọwọ́ sí i báyìí, mà," ni dókítà wí. "Ẹ ò lè dìde dúró. Màá padà wá láàárọ̀ ọjọ́rú."

Bó ṣe jáde, Evanthia fi aṣọ tútù bo ojú, ó ní, "Mina, kán òróró fún mi."

Mo bu omi. Mo jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, mo kán òróró àkọ́kọ́. Kò tilẹ̀ dúró kí n rí i, ó pòórá. Èkejì, bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń ṣe é, n kò rí irú rẹ̀ rí. Yíyán gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ mú, mo pa ẹnu dé, mo gbé e mì.

"Ṣé ó dúró?"

"Ó dúró," ni mo wí. "Kò sí ojú kankan. Àárẹ̀ ni. Bóyá ara ẹ ló ń sọ fún ẹ pé kó o jókòó sílé."

"Bóyá," ó wí wẹ́lẹ́.

Mo da omi náà nù lẹ́yìnkùlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn. Mo se omi adìẹ, mo fi ẹyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo ń fi ṣíbí fún un lẹ́nu. Mo tún ìrọ̀rí rẹ̀ tò. Mo ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bí mo ṣe ń fọ abọ́. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ káfíńtà tí a ó pè fún òrùlé, mo ti ń ro irú àga tí a ó gbé sábẹ́ àjàrà. Ó wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ibi tó ń lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kirá Stamatia tẹ̀ lé ọ̀pá rẹ̀ wá, àwọn obìnrin méjì sì tẹ̀ lé òun náà. Ó wo Evanthia, ó wò mí.

"O sọ pé òróró dúró? Lára ẹni tó rí báyìí?"

"Ó dúró, Kirá Stamatia."

"Hẹ̀n. Ojú náà le ju òróró lọ nìyẹn. Èéfín ló kù." Ó jókòó. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń sọ: kí wọ́n gé aṣọ ẹni tó fi ojú síni lára, kí wọ́n sun ún pọ̀ mọ́ tùràrí lórí ẹyin iná, kí aláìsàn fa èéfín rẹ̀ símú. "Ta ló yìn ín lọ́jọ́ Àìkú tí kò tutọ́?"

Mo wà nídìí ààrò, mo mú ṣíbí ìrobẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ń ka orúkọ. "Èmi tutọ́," ni ọ̀kan wí. "Ìwọ náà tutọ́, mo gbọ́ ẹ," ni ó wí fún èkejì. Wọ́n dé orí Kalliroi.

"Kalliroi tutọ́," ni Evanthia wí láti orí ibùsùn. "Etí mi ló wí i sí."

"Ẹ̀ẹ̀kan!" ni Kirá Stamatia wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré! Mo kà á. Ẹkún ló fi ìyókù jẹ. Ẹkún kí ni? Obìnrin tí ò rí ọmọ bí, ó ń wo ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ gba ọmọ ọlọ́mọ. Àti ẹyinjú búlúù yẹn, irú tó máa ń fi ojú síni lára."

"Kirá Stamatia, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ogójì fìlà ló hun fún mi."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn! Ta ní ń hun ogójì fìlà lọ́fẹ̀ẹ́?" Ó yíjú sí mi. "Asimina, ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀ jù gbogbo wa lọ. Ṣé òun kọ́?"

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń retí.

"Ó lè jẹ́ òun," ni mo wí.

Sísọ́ọ̀sì mi ni wọ́n mú lọ. Ìborùn Kalliroi wà lórí okùn tó sá aṣọ sí, wọ́n gé igun rẹ̀, wọ́n gbé e wá bí ẹni tó jí ẹyin adìẹ. Wọ́n sun ún. Evanthia wúkọ́, ó tún bì, orí rẹ̀ ń fọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti jáde sí ìgboro. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ti mọ̀, ìyàwó àlùfáà ti mọ̀.

Kalliroi fúnra rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa nírọ̀lẹ́. Ó mú fìlà méjì mìíràn lọ́wọ́, ó gbé ìborùn rẹ̀ sí apá, ibi tí wọ́n gé ń yọ. Kò béèrè. Lábúlé wa, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ohun tí irú ihò bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

"Asimina," ó wí, "jọ̀ọ́, sọ fún un pé mi ò fi inú burúkú yìn ín. Ìwọ á gbà mí gbọ́. Ìwọ lo mọ irú nǹkan báyìí."

"Màá sọ fún un," ni mo wí. N kò sọ. Mo gba fìlà méjì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́rú, mo ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹran dé, mo bá Evanthia létí ibùsùn. Ó ti gbé ẹ̀wù funfun náà wọ̀, ó ti de bọ́tìnnì rẹ̀ ní òdì, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Ó fẹ́ dìde kí dókítà tó dé. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó padà. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jókòó.

"Wọ́n máa mú ẹlòmíràn," ó wí. "Ó ti bọ́, Mina. Wọ́n máa mú ẹlòmíràn."

Ó bú sẹ́kún. N kò rí ẹkún rẹ̀ rí láti ìgbà èwe wa. Lórí sàréè ìyá wa pàápàá, èmi ni mo sunkún, òun ló dì mí mú. Ohun tí mo ń fẹ́ láti oṣù kejì ló dé sí iwájú mi yìí. Ó wọ ẹ̀wù funfun, imú rẹ̀ ń ṣomi, kò sì dùn mọ́ mi rárá.

Mo fọn iná. Mo da ẹyin iná sínú àwo irin, mo fi tùràrí lé e. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gbé ìṣẹ́tí aṣọ dúdú tó wà lọ́rùn mi, aṣọ tí mo ti ń wọ̀ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Mo gé e.

Evanthia ti dákẹ́ ẹkún. "Aṣọ ta nìyẹn?"

Sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ju aṣọ náà sórí iná, èéfín rẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí irun tó jóná.

"Fà á símú," ni mo wí. "Fà á dáadáa."

Ó fà á símú. Ó wúkọ́. Ó ń wo ibi tí mo gé lára aṣọ náà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "O gé e kéré jù."

"Kí lo wí?"

"Owú tó ti wà láti ọjọ́ tí Bàbá ti sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn? Ó kéré jù, Mina. Odindi apá aṣọ ló yẹ kó o gé."

Ẹ̀rín pa mí, mi ò mọ̀ pé ẹkún ni. Mo sọ fún un pé òróró kò dúró. Mo ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pòórá, mo ní irọ́ ni mo pa.

"Mo mọ̀," ó wí. "Mo gbọ́ bó o ṣe ń gbé yíyán mì."

"O gbọ́? O sì dákẹ́?"

"Mo rò pé bóyá ó ti kàn mí láti dúró sílé." Ó fi apá ẹ̀wù funfun náà nu imú. "Ìwọ ti dúró tìẹ."

Mo di orí rẹ̀ mú, mo ka ọ̀rọ̀ bàbá àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ń yán, mo ń yán, mo ń yán, omi ń dà lójú mi, n kò gbé ọ̀kankan mì.

Nígbà tí dókítà dé, Evanthia wà ní ìdúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ti tún bọ́tìnnì rẹ̀ dè. Ara rẹ̀ ti tutù. "Ẹ rí i?" ni dókítà wí, inú rẹ̀ dùn. "Mo sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ yẹn ni. Ó máa ń fi ẹni sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, kẹrin." Ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Áténì kí agogo mọ́kànlá tó lù. Ẹ jẹ́ kí dókítà máa pè é ní abẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú dúró ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí òpópónà tiwa kò gba ọkọ̀. Bí a bá ti jáde nílé, a ó kọjá ní ẹnu ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Mo ní aṣọ mìíràn. Mo wọ èyí tí mo gé.

"Mina, lọ pààrọ̀ aṣọ," ni Evanthia wí. "Gbogbo wọn ló máa rí i."

"Gbé ìwé ìrìnnà ẹ, jẹ́ ká lọ."

Èmi ni mo gbé báàgì. Àwọn obìnrin dúró ní ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ń kí Evanthia, wọ́n ń ju ìfẹnukò sí i, ojú wọn á wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìṣẹ́tí aṣọ mi, ìkíni á sì dá sí wọn lẹ́nu. Mo rí bí ìròyìn náà ṣe ń ti ilé kan bọ́ sí ìkejì ṣáájú wa. Kirá Stamatia ya àmì àgbélébùú.

Kalliroi kò jáde sójú ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ọgbà rẹ̀ ló dúró sí, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kó má sún mọ́ tòsí. Mo gbé báàgì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó wo ìṣẹ́tí aṣọ mi. Ẹ ò rí i pé ènìyàn dáa: ó gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Eku ti jẹ ẹ́ láṣọ, Asimina."

Ọ̀nà àbáyọ ló ń là fún mi. Ṣé kí n bá ibẹ̀ lọ? Ó ṣe mí bíi pé kí n bá ibẹ̀ lọ.

"Kì í ṣe eku," ni mo wí, mo gbé ohùn tèmi náà sókè. "Èmi ni, Kalliroi. Èmi ni mo yìn ín tí n kò tutọ́. Mo mọ̀ nígbà tí wọ́n ń gé ìborùn ẹ, mo sì jẹ́ kí wọ́n gé e."

Evanthia di ọwọ́ mi mú. Kalliroi ṣí ìlẹ̀kùn ọgbà, ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì di etí kejì báàgì náà mú.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Gbé tìẹ. Fìlà mi ló wà níbẹ̀."

A jọ gbé e dé ìdí ọkọ̀. Evanthia dì mọ́ mi pẹ́, ó dì mọ́ Kalliroi, ó wọlé sínú ọkọ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò tún gbé ọmọ aláìsàn wá bá mi, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Abúlé kejì ni wọ́n ń gbé wọn lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí n kò rò pé ó mọ ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Evanthia ń pe fóònù lọ́jọọjọ́ Àìkú. Ó ń sọ iye ọmọ tó gbà lọ́sẹ̀ náà àti orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, mo sì ń jowú rẹ̀ títí tó fi máa sọ fóònù kalẹ̀.